Ìwé Ẹja Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Òtútù ló lé mi wọ ṣọ́ọ̀bù ẹja. Mo fẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé àwọn tó máa ń rò pé ìfẹ́ ẹja ló gbé mi débẹ̀. Mo ti lo oṣù díẹ̀ ní ìlú kan ní apá àríwá Ìlú Ọba nígbà náà, mo sì ti mọ gbogbo ibi tí èèyàn lè yà sí láàárín ilé-ẹ̀kọ́ wa àti yàrá tí mo háyà, tí wọn kò ní tètè béèrè pé kí lo wá rà. Ilé ìkàwé dára, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tètè tì í. Ilé ìfìwéránṣẹ́ náà dára díẹ̀, àmọ́ ojú tí wọ́n fi ń wò mí kì í jẹ́ kí n dúró pẹ́ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹja yìí ló ta gbogbo wọn yọ. Nítorí pé wọ́n ń mú inú ibẹ̀ gbóná fún àwọn ẹja ààyè tí wọ́n ń tà, ìkùukùu máa ń bo gíláàsì fèrèsé rẹ̀ látinú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó kọ lù mí jọ ti Ọ̀yọ́ lẹ́yìn òjò: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń rùn bí etí odò. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi, mo sì ṣe bí ẹni pé òtútù ló fà á.

Mísítà Pákà ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá tó ti hu ewú ni, apá ẹ̀wù rẹ̀ kì í sì í gbẹ, torí inú omi ló ń kì í bọ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

"Kí lo fẹ́ rà?"

"Mò ń wò ó ni, sà."

"Ó dáa. Máa wò ó."

Mo wò ó lọ́jọ́ kejì. Mo tún wò ó lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Kí n má bàa jọ ẹni tó kàn wá yáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn magasíìnì tó wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìsanwó, mo ń kà wọ́n lórí ìdúró. Magasíìnì ẹja ni gbogbo wọn, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lóṣooṣù fún àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí gíláàsì nílé wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé tìjayàtìjayà. Ó ní ẹja òun dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ omi, ó ń mí gúlegúle. Mísítà Pákà wà lórí àkàbà, ó fọwọ́ méjèèjì gbá àpótí gíláàsì mọ́ra, kò lè sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dáhùn.

"Mà, ẹ má fún un lóúnjẹ lónìí. Ẹ bu díẹ̀ dànù nínú omi rẹ̀, kí ẹ fi omi tuntun tó ti sinmi nínú ilé rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo omi o. Díẹ̀."

Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì lọ. Mísítà Pákà wò mí láti òkè.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwé yín ni, sà. Kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yẹn."

"Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rà?"

"Òun náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé mo bẹ̀rù fún àpótí ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lo ó máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù mi, kúkú mú àwọ̀n dání kí o máa dúró."

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹja tó ń mí gúlegúle, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwé kékeré náà.

Àwọn ará ilé fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n gbọ́. "Ẹja tí wọn kò ní jẹ!" Mo máa ń rọra tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún wọn. Nínú kànga àgbàlá wa l'Ọ́yọ̀ọ́, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, àrọ̀ kan wà tí bàbá wa jù síbẹ̀ kó lè máa jẹ ìdin ẹ̀fọn. Ó pẹ́ nínú kànga náà ju ìyàwó ilé mìíràn lọ. Bí ẹni tó ń fami bá ṣèèṣì gbé e sókè nínú korobá, yóò sọ ọ́ padà jẹ́jẹ́, yóò ní, "Ẹ má bínú, bàbá." Ta ló ronú àtisè é rí? Àwa náà ti ń sin ẹja tipẹ́. Ohun tí a kò ní ni ìwé tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìwé yẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Olùkọ́ ni mí kí n tó kúrò nílé, mo sì tún padà sídìí iṣẹ́ náà l'Ọ́yọ̀ọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà n kì í lè ka ìwé kí ọwọ́ mi má máa wá bírò pupa. Méjì nínú àwọn magasíìnì náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Ńlá kan wà nínú wọn, tí bébà rẹ̀ ń dán. Àwòrán ẹja inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ohun tí wọ́n rì sínú epo. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìwé ìròyìn ló ń tà á. Ṣùgbọ́n bí o bá ti kà á fún oṣù díẹ̀, wàá rí i pé ẹja tí wọ́n ní ó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ni wọ́n padà ní àgbà nìkan ló lè sìn ín, kò sì sí ẹni tó rántí pé àwọn ti kọ́kọ́ sọ nǹkan mìíràn. Gbogbo àlàyé wọn ló ń parí sí ohun kan tó yẹ kí o rà. Ẹni tó kọ̀wé kì í sọ bóyá òun ti fọwọ́ kan ẹja náà rí.

Kékeré ni èkejì. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ẹja ládùúgbò ló ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi píìnì mú un pọ̀, igun rẹ̀ kì í sì í dọ́gba. Kò ní àwọ̀ kankan. Bírò ni wọ́n fi ya àwòrán ẹja. Àmọ́ gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé síbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tí òun wà: omi ilé mi le báyìí, yàrá mi kì í rí oòrùn, mo ti sin irú ẹja yìí rí, àwọn kan sì kú mọ́ mi lọ́wọ́, ohun tí mo rò pé ó pa wọ́n nìyí. Ní ẹ̀yìn ìwé náà, ojú-ewé kan wà tí wọ́n fi ń tún àṣìṣe oṣù tó kọjá ṣe. Èmi kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Láti ẹ̀yìn ni mo máa ń ṣí ìwé náà, kí n lè kọ́kọ́ ka ojú-ewé yẹn.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń fóònù sílé. Àbúrò mi ọkùnrin, Ràṣídì, ló ń bá mi tọ́jú ọmọ mi kan ṣoṣo, Sìdíkátù, torí bàbá ọmọ náà ti di olóògbé. Káfíńtà ni Ràṣídì. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí i sí bíi tèmi, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ríṣẹ́ tó sì ti gbéyàwó, nítòsí Ọjà Igbó. Ìyá wa náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí fóònù nílé wọn. Kẹ́míìsì kan tó wà lójú títì ló ní fóònù, díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ló sì ni kẹ́míìsì náà. Bí ìsìn bá ti parí, yóò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún Ràṣídì láti wá dúró de ìpè mi.

"Halóò! Ẹ kú ọjọ́ Olúwa o!" Díákónì máa ń pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dé Ìlú Ọba láìgba inú wáyà.

"Ẹ kú ìsìn, sà. Ṣé Ràṣídì ti dé?"

"Ó ti dé, ó sì ti mu míńírà mi kan. Ẹ bá mi sọ fún un pé kẹ́míìsì kì í ṣe ilé àna."

Ràṣídì á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ kú òtútù o. Ẹ kú àìrójú."

"O ṣeun. Sìdí ńkọ́?"

Ní ọdún àkọ́kọ́, Sìdí máa ń gba fóònù náà, á sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tó yá, kò gbà á mọ́. Ó lọ pọnmi. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ń fọ yúnífọ́ọ̀mù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó wà nílé-kéwú.

"Ilé-kéwú lọ́sàn-án Sunday?"

"Wọ́n… wọ́n yí àkókò padà ni, Àǹtí mi."

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bí o bá ti kọ́ni rí, o mọ àwáwí nígbà tí o bá gbọ́ ọ. Mo ní, "Ràṣídì, èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Níbo ni ọmọ mi wà?"

Mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lójú títì lọ́hùn-ún.

"Ó wà níbí. Ó jókòó sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní òun kò sọ̀rọ̀."

"Kí ni mo ṣe fún un?"

"Ẹ̀yin kọ́, Àǹtí mi. Àwa ni. Ọjọ́ tí ẹ lọ, ẹkún ò dá lójú ẹ̀, ni ìyá wa bá ní kó dákẹ́, pé ẹ ó dé kí Ọdún Ìtúnu tó dé. Ìtúnu dé. Èmi náà wá ní ó di Iléyá. Iléyá ti lọ. Ní báyìí, bí a bá ní oúnjẹ ti jinná, ó máa kọ́kọ́ lọ ṣí ìkòkò wò ni."

Ẹ̀rín pa mí níbi tí mo dúró sí nínú àpótí fóònù, ẹkún sì ń gbọ̀n mí. N kò bínú sí wọn. Àánú ló mú wọn sọ ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀, mo sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò gba àgbàlagbà gbọ́ mọ́. Kì í pariwo. Á kàn kúrò níbi tí ohùn rẹ lè dé ni. Ọmọ mi ń lọ, èmi sì wà níbi tí n kò ti lè nawọ́ mú un.

Bí mo ṣe ń rìn padà lọ sí yàrá mi lọ́sàn-án yẹn, àwọn èèyàn ń kọjá mi. Kò sẹ́ni tó kí mi. Nílé wa, bí ojú mi bá rí bó ṣe rí lọ́jọ́ náà, mi ò ní dé igun títì kí ẹni kan tó ní, "Ẹ̀yin, ṣé kò sí?" Èyí ni ìyà àkọ́kọ́ tó jẹ mí nílẹ̀ òkèèrè: pé èèyàn lè gbé ìbànújẹ́ gba àárín ọjà kọjá, kí ó sì gbé e délé bó ṣe wà.

Nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń ṣe sí magasíìnì ńlá tí kò bá tà. Wọ́n á ya èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á fi èèpo náà nìkan ránṣẹ́ padà sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì da inú rẹ̀ nù. Mo béèrè lọ́wọ́ Mísítà Pákà bóyá mo lè kó wọn.

"Kó wọn. Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Ọmọ mi fẹ́ràn àwòrán."

Mo wá ẹni tó ń lọ sílé, mo dì wọ́n fún un. N kò kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Mo kàn fi oríkì rẹ̀ pè é, mo kọ ọ́ pé: "Àbẹ̀kẹ́, ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nìyí."

Lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ẹnu Ràṣídì.

"Àǹtí mi, kí lẹ fi ránṣẹ́ sí wa yìí? N kò gbádùn mọ́. Ọmọ yín ní kí n kan àpótí gíláàsì fún òun."

"Ṣé o kàn án?"

"Ṣé mo lè má kàn án? Gíláàsì fèrèsé ni mo fi ṣe é. Ìwé yín ní ká fi gọ́ọ̀mù kan báyìí lẹ̀ ẹ́. Mo wá gọ́ọ̀mù náà títí dé Sábó, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Mo wá fi pọ́tì tí a fi ń lẹ gíláàsì fèrèsé dí i, mo tún fi ọ̀dà kùn ún níta."

"Ó dúró?"

"Ó ń jò. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni. A gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀."

Ọmọ ẹpìyà láti Odò Ọbà ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Nígbà tí Ràṣídì ń sọ èyí, mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti fún ẹja lóúnjẹ láàárọ̀ yìí." Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló ń ránṣẹ́ sí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Ó wá kan àsìkò ooru nílé, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ kò tíì rọ̀, tí òrùlé páànù ń ta bíi pé yóò yọ́. Mo fóònù lọ́jọ́ Sunday kan. Díákónì kò kí mi ní ọjọ́ Olúwa. Ohùn ọmọ ló wọlé, láìsí ẹ kú nǹkan kan.

"Màmá, ìwé yín parọ́."

Mo gbá fóònù náà mú. "Àbẹ̀kẹ́?"

"Wọ́n ní ká fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn bo àpótí ẹja lálẹ́. Wọ́n ní ká gbé e síbi tí atẹ́gùn kò ní dé. Mo fi òfì Ìyá Àgbà bò ó. Òfì tó nípọn jù. Mo gbé e sí yàrá inú. Gbogbo wọn ló kú."

Mo gbọ́ ohùn Ràṣídì lẹ́yìn: "Sìdí! Ṣé báyìí ni wọ́n ń kí ìyá ẹni?"

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," mo pariwo. "Ràṣídì, má dá sí i. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀!"

Mo rántí ojú-ewé náà. Ìwé ìgbà òtútù ni. Àwọn tó kọ ọ́ ń bá àwọn tí yìnyín ń bọ́ sí òrùlé wọn wí, wọn kò sì ronú pé ẹnikẹ́ni mìíràn lè kà á. Ó rọrùn láti sọ fún ọmọ náà pé kó má bínú, pé ẹja mìíràn wà nínú odò. Ó rọrùn láti gbèjà ìwé náà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti sọ ohun tó rọrùn, Ràṣídì náà ti sọ ọ́, a sì ti rí ibi tó gbé wa dé.

"Òótọ́ lo sọ," mo dá a lóhùn. "Òtútù ibí ni wọ́n ń bá wí. Ó yẹ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì sọ ọ́. Ìwọ ṣe ohun tí ìwé ní kí o ṣe. Ìwé náà ló kùnà."

"Ṣé ẹ ó sọ fún wọn?"

"Mo máa sọ fún wọn."

"Kí wọ́n wá sọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

Mo kọ̀wé sí magasíìnì ńlá. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo sì tò ó bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ láti to ìwé. Wọ́n dáhùn lóòótọ́: wọ́n dúpẹ́ pé mo jẹ́ oníbàárà wọn, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan tí wọ́n ya oríṣiríṣi híítà tó ń mú omi ẹja gbóná sí ránṣẹ́ sí mi. Mísítà Pákà rí i lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. "Híítà! Fún Áfíríkà!" Nígbà tó wá wo ojú mi, ó dákẹ́.

"Mú un tọ Élísì lọ," ló wí.

Mísítà Élísì ni olóòtú ìwé kékeré. Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì ni, orí kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń kó ìwé náà wá fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé, mo ròyìn fún un látòkè délẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ pẹ́ńsù.

"Omi náà, ṣé ó jìn ni àbí ó fẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ wo loòrùn ń gbà wọlé? Kí ni wọ́n fi ṣe òrùlé ilé náà? Omi kànga ni àbí omi ẹ̀rọ?"

"Páànù ni òrùlé. Ìyókù, n kò mọ̀."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Ọmọ mi."

"Ẹ bá mi bi í nígbà náà. N kò lè dáhùn fún yàrá tí n kò rí."

Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tí gbólóhùn yẹn ṣe fún mi. Gbogbo ènìyàn tí mo ti bá pàdé nílùú náà ló ní ìmọ̀ràn fún mi: bí mo ṣe lè wọṣọ, bí mo ṣe lè sọ̀rọ̀, irú oúnjẹ tó yẹ kí n jẹ. Àwọn kan ń sọ ohun tí Áfíríkà jẹ́ fún mi, èmi tí mo ti ibẹ̀ wá. Élísì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní òun kò mọ̀, tó sì fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ sọ fún òun.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sunday wá di nǹkan mìíràn. Mo máa ka ìbéèrè Élísì, Sìdí á dáhùn, èyí tí kò bá mọ̀, á sáré lọ wò ó kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀rọ̀ náà sú Díákónì.

"Ta ló fẹ́ mọ bí òrùlé Ràṣídì ṣe ga tó ní Ìlú Ọba? Ṣé kì í ṣe àwọn agbowó-orí ni?"

"Ẹja ni, sà."

"Ẹja ń béèrè òrùlé! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ogun òyìnbó."

Élísì fi odindi ojú-ewé kan dáhùn. Ó kọ orúkọ ọmọ mi síbẹ̀ àti orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sọ bí ooru ibẹ̀ ṣe rí, ó sì ní kí gbogbo ẹni tó ń gbé nínú òtútù má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí. Kò sí híítà. Kí omi má jìn, kí ojú rẹ̀ fẹ̀ kó lè mí. Kí ẹja má pọ̀. Kí wọ́n pọnmi kànga sílẹ̀ kó sinmi kí wọ́n tó dà á sí i. Kí wọ́n gbé àpótí náà kúrò ní yàrá inú, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sí orí sìmẹ́ńtì fàráńdà, níbi tó tutù.

Sìdí ṣe gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba fóònù kí Ràṣídì tó dé ìdí rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún bàbá yẹn pé ewúrẹ́ wà níbí."

"Kí ni ewúrẹ́ ṣe?"

"Wọ́n mu omi náà. Ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò! Wọ́n mu ún débi tí ẹ̀yìn ẹja fi yọ síta. Mo fi ìgbálẹ̀ lé wọn."

"Ṣé ẹja náà wà láàyè?"

"Wọ́n wà. Inú ń bí wọn ni."

Mo jíṣẹ́ náà fún Élísì nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. "Ewúrẹ́," ló ń sọ. "Ewúrẹ́. Ó yẹ kí n béèrè." Ó tún yọ pẹ́ńsù rẹ̀.

Nínú ìwé oṣù tó tẹ̀lé e, ojú-ewé àtúnṣe ní gbólóhùn yìí nínú: "Mo gba Mísì Sìdíkátù tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nímọ̀ràn pé kó gbé àpótí ẹja rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní fàráńdà. N kò béèrè bóyá ewúrẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Kó gbé e sórí tábìlì."

Mísítà Pákà kà á fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbà kí n kó ìwé kékeré náà wá sí iwájú pẹpẹ, kí n gbé ńlá sẹ́yìn rẹ̀. "A ó wò ó," ló wí. Kí oṣù náà tó parí, kò ku ẹyọ kan. N kò gba oyè kankan rí tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí mo fi ń dá ìwé rere mọ̀. Kì í ṣe pé kò ní àṣìṣe. Ẹni tó kọ ọ́ ń jẹ́ kí o mọ ibi tí òun dúró sí nígbà tó ń sọ̀rọ̀, bí ó bá sì ṣì í sọ, ó ń padà wá. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé láti ìgbà náà, nílé àti lókèèrè, òṣùwọ̀n kan náà ni mo sì fi ń wọ̀n wọ́n. Ní ti ìlú àjèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ilé fún mi lọ́jọ́ tí mo rí ẹnì kan níbẹ̀ tó lè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í." Ọlọ́run bá mi ṣe é o, mo rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo ra ìwé náà pẹ̀lú owó mi, tòun ti èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí mo fóònù lẹ́yìn tó dé, Díákónì ló kọ́kọ́ gbé e.

"Ọmọ yín ti ka ìwé kan fún gbogbo oníbàárà mi. Ẹni tó wá ra oògùn ibà, ó ka ewúrẹ́ fún un."

Sìdí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣeun, Àbẹ̀kẹ́ mi."

"Ṣé bàbá àgbà ni ẹni tó kọ ọ́?"

"Àgbà ni. Ó dàgbà ju Ìyá Àgbà yín lọ."

"Ó wá kọ ọ́ pé òun ṣàṣìṣe. Sí èmi."

"Sí ìwọ."

Mo gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé náà.

"Màmá, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Kò bi mí rí. Láti ọjọ́ tí mo ti lọ, àwọn ẹlòmíràn ló ń dáhùn ìbéèrè náà fún un kó tó bi èmi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni "láìpẹ́." Mo gbé e mì.

"Ẹ̀kọ́ tí mo wá kọ́ kò tíì parí," mo ní. "Kò ní parí kí Iléyá tó ń bọ̀ yìí tó dé. Ìwọ àti Bọ̀dá Ràṣídì ni ẹ ó jọ ṣe ti ọdún yìí. Ó di Iléyá tó bá tẹ̀lé e. Bó bá sì yí padà, èmi fúnra mi ni màá sọ fún ọ. Wọn kò ní bá mi sọ ọ́."

"Ó pẹ́," ló wí.

"Ó pẹ́."

"Kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?"

"Wọn kò fẹ́ kí o sunkún ni."

"Mo ṣáà sunkún."

"Mo mọ̀. Èmi náà sunkún."

Ó fa imú. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà, ó wá dà bí ohùn ọmọ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́. "Ó dáa. Ẹ gbọ́, Màmá, ẹ má tíì lọ o. A ti gbé e sórí tábìlì. Ọ̀kan nínú wọn ti ń gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀, ó ń lé àwọn yòókù. Bọ̀dá ní ìjà ni, èmi ò rò bẹ́ẹ̀, mo rò pé ó fẹ́ yé ẹyin. Bàbá yẹn ò sọ ohun tí a máa ṣe bí ó bá yé ẹyin. Ẹ bi í. Ẹ sọ fún un pé iyanrìn odò ni a kó sí i, kì í ṣe òkúta bíi tinú ìwé, ẹ sì sọ fún un pé…"

Ibẹ̀ ni owó tí mo fi sínú ẹ̀rọ tán, ìlà sì já. Mo dúró sínú àpótí fóònù náà, mo ṣì fi í sétí.

Díákónì ló ròyìn ìyókù fún mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ó ní ọmọ náà kò mọ̀ pé ìlà ti já. Ó ní òun àti Ràṣídì jọ jókòó, wọ́n ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un, torí ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ ni, kò sì tíì fẹ́ parí.